Wọ́n Tilẹ̀kùn Tiwọn, Wọ́n Fi Ilé Onílé Tọrẹ: Amẹ́ríkà, Ísírẹ́lì àti Ìkórìíra Àwọn Yẹhúdì

 



Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń ka àwọn àròkọ wa na fóònù rẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wátsáàpù tó wà. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó kún fún orúkọ àti ọdún. Ó ní ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Yẹhúdì kan wà tó ń ṣèpàdé níkọ̀kọ̀, pé àwọn ló ni gbogbo báńkì ayé, àwọn ló ni ìwé ìròyìn, àwọn ló ń sọ fún Ààrẹ Amẹ́ríkà ohun tí yóò ṣe, àti pé ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ń gbárùkù ti Ísírẹ́lì bí ó ti wù kí wọ́n pa àwọn ará Gásà tó. Ó wò mí lójú, ó ní, "Àfáà, ṣé kì í ṣe òtítọ́ ni?"

Mo sọ fún un pé ìbéèrè gidi kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, irọ́ kan sì wà nínú rẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìbéèrè gidi náà ni pé, kí ló dé tí Amẹ́ríkà fi ń ṣe ohun tó ń ṣe? Èyí kọjá ohun tí èèyàn lè fi ìdúró dáhùn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gásà ju ohun tí ọkàn lè gbé lọ. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 7 October 2023, nígbà tí Hamas àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn ní Ísírẹ́lì, tí wọ́n sì kó 251 nígbèkùn, ogun tí Ísírẹ́lì gbé wọ Gásà ti pa ènìyàn tó lé ní 60,000 gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ètò ìlera ibẹ̀ ti kà á. Obìnrin àti ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Amẹ́ríkà ló ń fún Ísírẹ́lì ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun ìjà tó ń kó wọlé láti òkèèrè. Amẹ́ríkà náà ló sì na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mélòó kan nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti fagi lé ìpinnu pé kí ogun dúró. Ẹni tí inú bá bí sí èyí, kò ṣẹ̀. Àmọ́ ẹni tó tọ́ ni ó yẹ kí inú bí wa sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkórìíra Yẹhúdì àti àtìlẹ́yìn fún Ísírẹ́lì, ọ̀tá ara wọn ni. Wọ́n rò pé ẹni tó bá kórìíra Yẹhúdì kò lè ran Ísírẹ́lì lọ́wọ́, pé ẹni tó bá sì ń ran Ísírẹ́lì lọ́wọ́, ìfẹ́ Yẹhúdì ló ń ṣe é. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń gbé inú ilé kan náà, nígbà mìíràn nínú ọkàn ènìyàn kan ṣoṣo.

Kí a tó dé Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ ká yà ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Láti ọdún 1881 ni àwọn jàǹdùkú ti ń kọlu àwọn Yẹhúdì ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń sun ilé àti ìsọ̀ wọn. Wọ́n sá lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn kan dúró sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó pọ̀ jù sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Inú ọ̀pọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù kò dùn sí àlejò wọ̀nyí. Ní ọdún 1905, nígbà tí Arthur Balfour jẹ́ olórí ìjọba, wọ́n ṣe òfin tó dín àwọn àjèjì tó lè wọlé kù, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé nítorí Yẹhúdì ni. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní 2 November 1917, Balfour yìí kan náà, tó ti di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ló fọwọ́ sí lẹ́tà tó ṣèlérí ibùgbé fún àwọn Yẹhúdì ní Palẹstínì. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ń gbé Palẹstínì nígbà náà, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló jẹ́ Lárúbáwá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Ẹ mọ ẹni tó ta ko lẹ́tà náà jù nínú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà? Edwin Montagu, Yẹhúdì kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn. Ó kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìkórìíra Yẹhúdì ni yóò ti ibẹ̀ yọ, nítorí gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ lé Yẹhúdì rẹ̀ jáde ti rí ibi tí yóò ní kí ó máa lọ nìyẹn. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀.

Amẹ́ríkà ti ń ro irú èrò yìí ṣáájú Balfour pàápàá. Ní ọdún 1891, oníwàásù Kìrìsìtẹ́nì kan tó ń jẹ́ William Blackstone kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ààrẹ Benjamin Harrison. Àwọn ènìyàn pàtàkì tó lé ní 400 ló fọwọ́ sí i: olówó bíi J. P. Morgan àti John D. Rockefeller, títí dórí adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè náà. Ìwé náà ní kí àwọn alágbára ayé ṣètò Palẹstínì fún àwọn Yẹhúdì Rọ́ṣíà. Ó béèrè bóyá kí wọ́n wá sí Amẹ́ríkà, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé ìnáwó rẹ̀ yóò pọ̀, yóò sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni Theodor Herzl, ẹni tí a ń pè ní baba ètò Síónísìmù, tó tẹ ìwé tirẹ̀ jáde. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Amẹ́ríkà kan ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa irọ́ tó wà nínú fóònù ọmọ náà. Orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí ni The Protocols of the Elders of Zion. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lábẹ́ ọba kan náà tí wọ́n ń pa Yẹhúdì lábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1903, bí ẹni pé àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn àgbà Yẹhúdì ni. Ní August 1921, ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù gbé àṣírí rẹ̀ síta. Wọ́n fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ jí ọ̀rọ̀ kó láti inú ìwé kan tí ará Faransé tó ń jẹ́ Maurice Joly kọ ní 1864 láti fi bú ọba Faransé, Napoleon Kẹta. Ìwé Joly yẹn kò sọ ohunkóhun nípa ìmọ̀ràn àwọn Yẹhúdì. Wọ́n kàn yí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ padà ni, bí olè tó jí aṣọ tó kàn pa á láró.

Ta ló wá tan irọ́ náà kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Henry Ford, ẹni tó ń ṣe mọ́tò. Ó ra ìwé ìròyìn kan, The Dearborn Independent, láti ọdún 1920 ló sì ti ń fi í kọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra Yẹhúdì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń ta mọ́tò rẹ̀ sì ń pín in fún oníbàárà. Ó tọrọ àforíjì ní 1927 lẹ́yìn tí wọ́n pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n omi ti dànù, agbè kò tíì fọ́ ni. Ní 1938, ìjọba Hitler fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá, ó sì gbà á.

Nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ti ṣe òfin ọdún 1924 lórí àwọn tó ń wọ̀lú. Wọ́n ka iye ará orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó wà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1890, wọ́n ní ìdá 2 nínú 100 iye yẹn nìkan ló lè wọlé lọ́dún. Kí ló dé tí ó jẹ́ 1890? Nítorí pé ṣáájú ìgbà tí Yẹhúdì Rọ́ṣíà àti Pólàńdì pọ̀ débẹ̀ ni. Ìlẹ̀kùn náà ti pa.

Hitler dé ní 1933. Ní July 1938, orílẹ̀-èdè 32 péjọ sí Évian ní ilẹ̀ Faransé láti ronú lórí àwọn Yẹhúdì tó ń sá. Wọ́n káàánú wọn gan-an. Agbára káká ni èyí tó ní òun yóò gbà wọ́n. Ní 1939, àwọn aṣòfin kan mú àbá wá sí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gba 20,000 ọmọdé láti Jámánì. Àbá náà kú síbẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ ojú omi St. Louis kúrò ní Hamburg, ní 13 May, pẹ̀lú èrò 937, tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Yẹhúdì. Kúbà ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé Havana, èèyàn 28 ni ìjọba ibẹ̀ jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó pé. Ọkọ̀ náà wá rìn lọ sí etíkun Florida, ó sún mọ́ ọn débi pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń rí iná ìlú Miami lóru. Wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ sí Ààrẹ Roosevelt. Kò dá wọn lóhùn. Ọkọ̀ náà padà sí Yúróòpù, Bírítéènì, Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Họ́láńdì pín wọn gbà, nígbà tí Hitler sì gba mẹ́ta nínú ilẹ̀ mẹ́rin wọ̀nyí, ó bá wọn níbẹ̀. Ènìyàn 254 nínú àwọn èrò ọkọ̀ yẹn ló kú nínú ìpakúpa tó tẹ̀ lé e. Mo máa ń ronú nípa iná Miami yẹn. Ẹni tó rí iná ilé tí kò sì rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un, ìyẹn burú ju kéèyàn wà nínú òkùnkùn.

Mílíọ̀nù mẹ́fà Yẹhúdì ni Jámánì àti àwọn tó ràn án lọ́wọ́ pa. Kì í ṣe Mùsùlùmí ló kọ́ àwọn ilé ìpànìyàn yẹn, kì í sì í ṣe Palẹstínì ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Ní 14 February 1945, Roosevelt pàdé Ọba Abdul Aziz ibn Saud ti Saudi nínú ọkọ̀ ogun kan lórí omi Suez. Roosevelt bẹ̀ ẹ́ nípa àwọn Yẹhúdì tó ṣẹ́kù ní Yúróòpù. Ìdáhùn ọba náà wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn: ó ní kí wọ́n gba ilẹ̀ tó dára jù lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì tó fìyà jẹ wọ́n, kí wọ́n fún wọn. Ó bi Ààrẹ pé, ìyà wo ni Lárúbáwá fi jẹ Yẹhúdì Yúróòpù? Roosevelt ṣèlérí nínú lẹ́tà kan ní oṣù April pé òun kò ní ṣe ohun tó lòdì sí àwọn Lárúbáwá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn lẹ́tà yẹn ló kú.

Harry Truman ló gba ipò rẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin mílíọ̀nù kan Yẹhúdì ló wà nínú àgọ́ ní Yúróòpù, tí wọn kò ní ilé tí wọn lè padà sí. Truman káàánú wọn, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń ka Bíbélì, ó ní ọ̀rẹ́ Yẹhúdì kan tí wọ́n jọ ṣòwò rí, ìbò ọdún 1948 sì ń bọ̀. George Marshall, mínísítà rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kìlọ̀ fún un ní 12 May 1948 pé kí ó má kánjú gba orílẹ̀-èdè tuntun náà wọlé, ó tilẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú pé bí ó bá ṣe é, òun kò ní dìbò fún un. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n kéde Ísírẹ́lì, ìṣẹ́jú 11 kò sì kọjá tí Truman fi kéde pé Amẹ́ríkà ti gbà á. Láàárín ọdún yẹn àti ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Palẹstínì tó lé ní 700,000 ti di ogúnléndé. Nakba ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Oṣù kan lẹ́yìn tí Truman gba Ísírẹ́lì wọlé, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé òfin kan wá fún un láti fọwọ́ sí, èyí tí yóò gba àwọn asásàálà láti àwọn àgọ́ Yúróòpù. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin náà pé ẹni tó bá dé àgọ́ lẹ́yìn 22 December 1945 kò lè jàǹfààní. Ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Yẹhúdì dé àgọ́. Truman fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé òfin náà ṣojúsàájú sí àwọn Yẹhúdì láìláàánú, ó sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìkorò ọkàn. May 1948, Amẹ́ríkà ti rí ilẹ̀ fún Yẹhúdì. June 1948, Amẹ́ríkà kò tíì rí àyè fún wọn nínú ilé tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ẹni tó bá gbàgbọ́ pé ìgbìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan ló ń darí Amẹ́ríkà, mo fẹ́ kí ó sọ fún mi ibi tí ìgbìmọ̀ náà sùn sí ní 1957. Ní ìparí October 1956, Ísírẹ́lì, Bírítéènì àti Faransé gbógun ti Íjíbítì nítorí odò Suez. Ìbò Ààrẹ kù ọ̀sẹ̀ kan péré ní Amẹ́ríkà. Eisenhower ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Nígbà tí Ísírẹ́lì kọ̀ láti kúrò ní Sínáì, ó halẹ̀ mọ́ wọn pé òun yóò ti ojú ọ̀nà owó wọn, ó sì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní February 1957 láti ṣàlàyé fún àwọn ará ìlú rẹ̀. Ní March, ọmọ ogun Ísírẹ́lì ti ń padà sílé. Faransé ni olórí ẹni tó ń ta ohun ìjà fún Ísírẹ́lì títí di ọdún 1967, kì í ṣe Amẹ́ríkà.

Kí ló wá yí padà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní 1967, láàárín ọjọ́ mẹ́fà, Ísírẹ́lì ṣẹ́gun Íjíbítì àti Síríà tí wọ́n ń lo ohun ìjà Rọ́ṣíà, àti Jọ́dánì pẹ̀lú. Àwọn aláṣẹ ní Washington, tí ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, rí i pé ẹni tó lè bá àwọn na ọ̀rẹ́ Rọ́ṣíà ti dé. Nígbà tí ogun October 1973 bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ Nixon fi ọkọ̀ òfuurufú kó ohun ìjà lọ fún Ísírẹ́lì lójoojúmọ́, ó sì ní kí ilé aṣòfin fún wọn ní bílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Àwọn Lárúbáwá fi epo rọ̀bì gbẹ̀san. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó já okùn àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì lóṣù yẹn, ọdún 1992 ni wọ́n tó so ó padà.

Nixon yìí, ṣé ó fẹ́ràn Yẹhúdì ni? Ó ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ohun tó sọ nípa Yẹhúdì sì wà lórí téèpù náà fún gbogbo ayé láti gbọ́. Kò ṣeé tún sọ. Ní 1971 ó ní kí wọ́n lọ ka iye Yẹhúdì tó wà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ iṣẹ́, nítorí ó rò pé wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Ọkùnrin kan náà, lẹ́yìn ọdún méjì péré. Ohun ìjà tó fi ránṣẹ́ kò ti inú ìfẹ́ wá. Ó ń ta ayò pẹ̀lú Rọ́ṣíà ni, ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá sì ni ọpọ́n.

Lónìí, àdéhùn tí ìjọba Obama bá wọn ṣe ní 2016 ló ṣì wà nílẹ̀: bílíọ̀nù 38 dọ́là fún ọdún mẹ́wàá, láti 2019 dé 2028. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn, iléeṣẹ́ ohun ìjà Amẹ́ríkà ni wọ́n ń padà ná an fún. Aṣòfin tí iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìlú rẹ̀ kò nílò Yẹhúdì kankan kí ó tó dìbò bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹgbẹ́ tó ń rọ àwọn aṣòfin wà lóòótọ́. AIPAC ni orúkọ èyí tó lágbára jù, owó tí ó sì ná ní ọdún 2024 láti yọ àwọn aṣòfin tó ń gbèjà Palẹstínì kò kéré rárá. Kò sí ìkórìíra nínú kéèyàn sọ bẹ́ẹ̀, nítorí gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń fi yangàn. Àwọn oníbọn ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn elépo náà ní. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó sọ pé òun ní ọmọ ẹgbẹ́ jù nínú gbogbo àwọn tó ń ti Ísírẹ́lì lẹ́yìn kì í ṣe ti Yẹhúdì. Christians United for Israel ni, tí pásítọ̀ John Hagee dá sílẹ̀ ní 2006. Wọ́n ní àwọn lé ní mílíọ̀nù 10, bẹ́ẹ̀ gbogbo Yẹhúdì Amẹ́ríkà kò tó mílíọ̀nù 8. Nínú ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ irú Kìrìsìtẹ́nì bẹ́ẹ̀, Yẹhúdì gbọ́dọ̀ kóra jọ sí ilẹ̀ náà kí Jésù tó padà; àwọn tí kò bá sì gbà á nígbà náà, ìparun ni tiwọn. Hagee ti wàásù rí pé ọdẹ tí Ọlọ́hun rán láti lé àwọn Yẹhúdì lọ sí Ísírẹ́lì ni Hitler. Nígbà tí ìwàásù náà jáde ní 2008, John McCain tó ń dupò Ààrẹ ní òun kò fẹ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Irú ọ̀rẹ́ wo nìyí?

Lápá kejì, ní 18 October 2023, nígbà tí àwọn ènìyàn wọ ilé àwọn aṣòfin ní Washington láti ké pé kí ogun Gásà dúró, nǹkan bí 300 ni ọlọ́pàá mú. Yẹhúdì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ Yẹhúdì ló pe ìpàdé náà. Ibo ni a ó fi àwọn yẹn sí nínú ọ̀rọ̀ Wátsáàpù yẹn?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, àfáà, ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra Yẹhúdì di pádì tí wọ́n fi ń ti ẹnu ènìyàn. Òótọ́ ni. Ní December 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin dìbò pé títako Síónísìmù jẹ́ ìkórìíra Yẹhúdì. Ní March 2025, wọ́n gbé Mahmoud Khalil, ọmọ Palẹstínì tó kàwé ní Columbia, sí àtìmọ́lé fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní àwọn ń gbógun ti ìkórìíra Yẹhúdì ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń pe ohun tí kì í ṣe àìsàn ní àìsàn, ìyẹn kò ní kí àìsàn gidi má sí. Yẹhúdì jẹ́ nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100 ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ nínú ìwà ọ̀daràn tí FBI kà sí ti ìkórìíra ẹ̀sìn, èyí tó ju ìdajì lọ ni wọ́n ṣe sí wọn. Ní May 2025, wọ́n yìnbọn pa òṣìṣẹ́ ilé aṣojú Ísírẹ́lì méjì níta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Yẹhúdì ní Washington. Ẹni tí wọ́n mú pariwo orúkọ Palẹstínì. Kò sí ọmọ kan ní Gásà tó rí búrẹ́dì jẹ nítorí ìbọn yẹn.

Àwa Mùsùlùmí náà ní tiwa láti jẹ́wọ́. Ní June 1941, àwọn jàǹdùkú pa Yẹhúdì tó tó 180 ní Baghdad, àwọn tí baba ńlá wọn ti wà níbẹ̀ ṣáájú Ìsìláàmù. November ọdún yẹn, Amin al-Husseini, tó jẹ́ Mufti Jerúsálẹ́mù tẹ́lẹ̀, jókòó pẹ̀lú Hitler ní Berlin. Ìwé òfin Hamas ti 1988 tọ́ka sí Protocols bí ẹni pé òótọ́ ni. Kí ni gbogbo èyí ṣe fún Palẹstínì? Ẹni tó fi Yẹhúdì Baghdad sínú ìbẹ̀rù, Ísírẹ́lì ló kó èèyàn fún. Nígbà tó fi máa di 1951, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kó lọ sí Ísírẹ́lì. Irinṣẹ́ tí Yúróòpù fi lé Yẹhúdì dé ẹnu ọ̀nà Palẹstínì ni àwọn wọ̀nyẹn tún gbé lọ́wọ́.

Nínú ìtàn wa, a ní ohun tó dára ju ìyẹn lọ. Ní 1492, nígbà tí Sípéènì lé Yẹhúdì, Sultan Bayezid Kejì ló gbà wọ́n sí ilẹ̀ Ottoman. Ní Albania, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ jù, Yẹhúdì tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì pọ̀ ju àwọn tó wà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ará ilé fi wọ́n pa mọ́.

Ìtàn kan sì wà tó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ wa mọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì mú un wá lábẹ́ Sūratun-Nisā', láti āyah 105. Ọkùnrin kan ní Madīnah, Tu'mah ọmọ Ubayriq, tó ń pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí, jí ẹ̀wù ogun ẹnì kan. Nígbà tí ọwọ́ fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó lọ gbé e sí ilé Yẹhúdì kan. Ìdílé rẹ̀ wá bá Ànábì, wọ́n ń gbèjà rẹ̀, wọ́n ní Yẹhúdì ni olè. Ẹlẹ́rìí pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ìgbà yẹn kì í sì í ṣe ìgbà tí àárín Mùsùlùmí àti Yẹhúdì Madīnah dán mọ́rán. Āyah sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sánmà keje, ó wẹ Yẹhúdì náà mọ́, ó sì bá àwọn tó ń gbèjà ọ̀dàlẹ̀ wí. A ṣì ń ké e nínú ìrun wa.

Mo ní ìtàn méjì sí i fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ní 27 October 2018, ọkùnrin kan wọ inú sínágọ́gù ní Pittsburgh, ó pa ènìyàn 11. Kí ó tó lọ, ó kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àjọ Yẹhúdì kan tó ń jẹ́ HIAS ń kó àwọn ọ̀tá wọ Amẹ́ríkà. HIAS yìí, àwọn tó sá kúrò ní Rọ́ṣíà láyé àtijọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún; àwọn tó ń ràn lọ́wọ́ lásìkò tiwa, Mùsùlùmí láti Síríà àti Afghanistan wà nínú wọn. Àwọn Mùsùlùmí Amẹ́ríkà dá owó tó lé ní 200,000 dọ́là fún ìsìnkú àti ìtọ́jú àwọn tó fara pa. Kò pé oṣù márùn-ún tí ẹlòmíràn, tó gba irú irọ́ kan náà gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi àjèjì rọ́pò aláwọ̀ funfun, wọ mọ́sálásí méjì ní Christchurch lọ́jọ́ Jímọ̀, 15 March 2019. Ó pa 51. Àwọn Yẹhúdì Pittsburgh ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó.

Ọmọ náà ti ka èyí kí n tó gbé e síta, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun ti pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lórí fóònù òun, ṣùgbọ́n òun ti fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn kí òun tó wá bá mi. Mo ní kí ó padà lọ sọ fún wọn. Ó ní méjì ti dáhùn, wọ́n ń bá òun jà. Ó tún bi mí ìbéèrè mìíràn, nípa ohun tí àwọn ìjọba Lárúbáwá fúnra wọn ṣe fún Palẹstínì láti 1948 títí di òní. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn, kò sì dùn. Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, ibẹ̀ ni a ó dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.